Ohùn Tó Kù Nínú Máìkì Bàbá Fátí

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ná. Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń rí nǹkan. Nílé wa, àbúrò mi obìnrin ló máa ń lálàá tó ń ṣẹ. Ní tèmi, bí mo bá ti gbé orí lé ìrọ̀rí, ó di òwúrọ̀ nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò sì ṣẹlẹ̀ lóru. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni, oòrùn ṣì wà lókè, ọ̀kadà ń kọjá níwájú ilé iṣẹ́ wa. Kì í ṣe pé ẹnì kan sọ ọ́ fún mi. Etí mi méjèèjì yìí ni mo fi gbọ́ ọ.

Mo ti sọ ọ́ fún bàbá mi. Wọ́n ní iṣẹ́ ló ń rẹ̀ mí. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ṣé àárẹ̀ a máa kí àwọn èèyàn "ẹ kú iṣẹ́" lójú ọ̀nà? Ẹ óò rí ohun tí mo ní lọ́kàn láìpẹ́.

Lẹ́yìn tí mo jáde ní Pólì, mo jókòó sílé títí ojú fi ń tì mí láti jáde lọ ra ọṣẹ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ohun tí mò ń ṣe. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré kan níbí ní Ṣakí wá gbà mí, mo sunkún. Yàrá mélòó kan àti jẹnẹrétọ̀ kan ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ mo sunkún. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ bí ẹ̀rù ṣe máa ń bà mí pé iṣẹ́ náà lè bọ́ lọ́wọ́ mi.

Àlejò Wa ni orúkọ ètò tí wọ́n fi mí sí. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Alaasari, àlejò kan á jókòó pẹ̀lú Màmá Tíṣà, wọn á sì máa fọ̀rọ̀ jomi tooro ọ̀rọ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni àwọn ará ìlú ń wò ó, àwọn kan lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn kan lórí fóònù. A ti gba lèmọ́mù. A ti gba ìyá kan tó ń fún òrí. A ti gba ọkùnrin kan láti Adó-Àwáyè tó ń bá àwọn àbẹ̀wò ru ẹrù gun òkè dé etí adágún, tó ní òun ò tíì rí èyí tó gùn ún tí kò ṣépè fún ẹni tó gba òun nímọ̀ràn láti wá.

Èmi ni mò ń wá àlejò. Èmi náà ni mò ń fi máìkì kékeré náà há wọn láyà. Kò ní wáyà. Àpótí kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ ló ń gbé ohùn wọn wá sí ẹ̀rọ tó wà níwájú mi, màá sì dé ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sí etí mi méjèèjì láti mọ̀ bóyá ohùn ń wọlé.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Máìkì yẹn kì í gbọ́ ohùn nìkan. Mo ti gbọ́ kíkùn inú lèmọ́mù lọ́jọ́ tí wọ́n gba ààwẹ̀ wá. Mo ti gbọ́ àyà ìyá tó ń fún òrí tó ń lù kì-kì-kì bí ẹni ń gún elùbọ́. Kò sí ẹni tó dákẹ́ tán. Bí àlejò bá dákẹ́, èémí rẹ̀ á ṣì máa wọlé, á máa jáde, ní etí mi.

Màmá Tíṣà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ́ ọmọ káàkiri Òkè-Ògùn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Kò sí ìlú tí wọn ò gbé, kò sì sí agbo ilé tí wọn ò mọ oríkì rẹ̀. Bí ètò bá ti ń lọ sópin, wọn á bi àlejò pé ọmọ ìlú wo, agbo ilé wo, wọn á sì kì í. Ohun tí àwọn ará ìlú ń dúró dè gan-an nìyẹn. Wọ́n máa ń sọ pé àlejò tí a ò kì, a ò tíì gbà á sílé.

Obìnrin kan wà tó ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì lẹ́nu géètì wa. Ìyá Fátí là ń pè é. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Fátí, ń gbẹ́ kànga. Ẹni tó bá mọ ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wa yìí á mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré kọ́.

Ìyá Fátí kì í jẹ́ kí n kọjá. Bó bá ti ń bu ẹ̀wà fún mi, á ní, "Àǹtí Tẹlifíṣọ̀n, ìgbà wo lẹ máa pe ọkọ mi?" Á máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà, ó ti sọ ọ́ fún mi rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì wọn, ẹnikẹ́ni kò wá láti ìdí ọkọ. Bàbá Fátí ní àwọn èèyàn òun ti tán. Látìgbà náà ni àwọn ẹ̀gbọ́n Ìyá Fátí ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pe ọkọ rẹ̀ ní "olú," èyí tó hù lóru láìsí ẹni tó gbìn ín. Nígbà tí wọ́n sọ Fátí lórúkọ, àjòjì ni wọ́n bẹ̀ kó dúró níbi tó yẹ kí ìyá ọkọ dúró. Oyún mìíràn tún wà nínú rẹ̀ báyìí, ó ti wọ oṣù rẹ̀. Kò fẹ́ kí ojú ti òun lẹ́ẹ̀kejì. Ó fẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n òun jókòó, kí wọ́n rí ọkọ òun lórí àga tí lèmọ́mù jókòó sí.

Bàbá Fátí kì í gbà. Bí mo bá yọjú lọ́ọ̀ọ́kán, á ti gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀, á ti lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mò ń wí yìí, nọ́ọ̀sì tó yẹ kó wá pè mí pé wọ́n ti pe òun padà sí wọ́ọ̀dù. Àga náà ti ṣófo lọ́sẹ̀ kan rí, ọ̀gá wa sì ti sọ fún mi pé bó bá tún ṣófo, kí n wá iṣẹ́ mìíràn. Bí ẹ̀rù bá ti bà mí, mi kì í gbọ́ ohun tí èèyàn ń sọ dáadáa mọ́. Mo sáré bá Ìyá Fátí lẹ́nu géètì.

Ó gbé fóònù, ó pe ọkọ rẹ̀. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Ohun tí mo rí ni pé ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí ikùn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó parí, ó di igbá ẹ̀wà rẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé láti lọ kó àwọn ẹ̀gbọ́n òun jọ.

Bàbá Fátí wá. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó wọ bùbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, amọ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àǹtí, mo bẹ yín. Kí Màmá má béèrè ilé bàbá mi. Kí wọ́n má sì kì mí."

Mo rò pé ìtìjú ni. Èmi náà mọ ìtìjú, mo mọ bó ṣe máa ń rí bí wọ́n bá bi èèyàn ní ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo lọ sọ fún Màmá Tíṣà. Wọ́n wò mí láti òkè awò ojú wọn, wọ́n ní ọmọ Yorùbá wo ló ń bínú pé wọ́n kì òun? Mo ní ó bẹ̀ mí ni. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí àgbà bá ní òun ti gbọ́, kò túmọ̀ sí pé ó gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n tó ìyá ìyá mi lọ́jọ́ orí. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Mo fi máìkì há Bàbá Fátí láyà, mo padà sídìí ẹ̀rọ mi. Mo ní kó ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ohùn rẹ̀ wọlé kedere. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Mi ò sọ pé èémí rẹ̀ kéré o. Mo ní kò sí. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá fi etí lé ògiri. Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo pààrọ̀ máìkì. Bó bá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á dún kedere. Bó bá dákẹ́, ògiri. Mo sọ fún Wàsíù tó ń fi kámẹ́rà yàwòrán pé ẹ̀rọ náà kò gbé àwọn ohùn kéékèèké. Ó ní ṣé ọ̀rọ̀ ń wọlé? Mo ní ó ń wọlé. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ètò bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò tíì rí àlejò tó sọ̀rọ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀. Ó sọ bí òun ṣe ń mọ ibi tí omi wà. Ó ní bí èèyàn bá ti wọnú kànga jìnnà, tó bá gbójú sókè, ojú ọ̀run kì í ju àwo ìjẹun lọ, bí àwọn tó wà lókè bá sì pè é, á dà bíi pé ìlú mìíràn ni wọ́n ti ń pè. Màmá Tíṣà bi í pé ṣé ẹ̀rù kì í bà á.

Ó ní, "Màmá, ẹni tó ti wà nísàlẹ̀ rí, ẹ̀rù wo ló tún kù?"

Màmá Tíṣà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà mo rí i tí Màmá Tíṣà bọ́ awò ojú wọn. Mo mọ ohun tó ń bọ̀. Wọ́n ní, "Mo ṣe tíṣà ní Ọ̀tu. Iwájú orí yín yìí, ẹ ò lè fi pamọ́ fún mi. Ọmọ ilé Olókè ni yín." Bàbá Fátí gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni tí oòrùn ń ta lójú. Màmá Tíṣà ti bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ Olókè, ọmọ afàpáta rọrí,
ọmọ asùn-lórí-òkúta-má-jí-pẹ̀lú-ìrora.
Ọmọ àmù tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn,
àlejò mu, onílé mu,
ó tún ku ti ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà..."

Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ. Èémí. Ó wọlé sí etí mi lẹ́ẹ̀kan náà, ó hó, bí èémí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde látinú odò. Ó jáde. Ó tún wọlé. Kò sí ẹlòmíì tó gbọ́ ọ nínú yàrá náà. Wàsíù sọ lẹ́yìn náà pé ohun tí òun rí nínú kámẹ́rà ni pé omijé ń bọ́ lójú ọkùnrin náà, òun sì fa àwòrán náà sún mọ́ tòsí, torí òun rò pé oríkì ló wọ̀ ọ́ lára.

Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú sí èèyàn lára bó bá ká a pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni inú mi ṣe rí. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ̀yìn oríkì la máa ń gba ìpè àwọn òǹwòran. Ìpè kan ti ń dúró. Mo tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Ìyá àgbàlagbà kan ni, ewúrẹ́ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Àlàó," ó ní. "Ṣé ìwọ nìyẹn?"

Èémí náà ń yára sí i ní etí mi.

"Àlàó, ìborùn mi ni mo fi bò ọ́ kí wọ́n tó gbé ọ sí kòtò."

Bàbá Fátí wo ilẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé bóyá èmi nìkan ló gbọ́ ọ. "Ìyá mi," ó ní, "ẹ ò bá ti má pè mí."

Ó dìde. Ó tẹ orí ba fún Màmá Tíṣà, ó ní òun fẹ́ lọ mu omi níta. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde. Màmá Tíṣà ṣì gbé ọwọ́ sókè bí wọ́n ṣe gbé e nígbà tí wọ́n ń kì í. Wàsíù yí kámẹ́rà sí wọn, wọ́n sì parí ètò náà.

Máìkì náà ṣì wà láyà Bàbá Fátí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Máìkì wa kì í kọjá ìdí igi dóńgóyárò tó wà lẹ́nu géètì. Bí ẹni tó fi í sáyà bá ti kọjá ibẹ̀, ariwo bíi ti òjò lórí páànù ni màá máa gbọ́. Mo gbọ́ géètì tó dún gìì. Mo ń retí ariwo òjò náà. Kò dé. Ẹsẹ̀ lórí iyanrìn ni mo ń gbọ́, àti èémí.

Ó ń kí àwọn èèyàn. "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ẹnì kan dáhùn. Ọ̀kadà kan fọn fèrè, ó kọjá. Ó tún kí ẹlòmíràn. Wàsíù ń bi mí ní nǹkan, mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì. Mi ò bọ́ ẹ̀rọ náà létí.

Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ náà dúró. Mo gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin tó ń jiyàn nínú ilé kan. Ẹnì kan ní kí ló dé tí ìyá yẹn fi sọ bẹ́ẹ̀, ṣé orí rẹ̀ pé. Mo mọ̀ pé àwọn ẹ̀gbọ́n Ìyá Fátí ni. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Fátí, ó ní kí wọ́n dákẹ́, ọkọ òun á wá ṣàlàyé bó bá dé.

Fátí, tí kò tíì sọ̀rọ̀ já geere, ní, "Bàbá mi."

Èémí tó wà ní etí mi dúró.

"Ta lò ń pè?" Ìyá Fátí bi í.

"Bàbá mi wà lẹ́nu ọ̀nà."

Mo gbọ́ bàtà Ìyá Fátí tó ń wọ́ bọ̀. Mo gbọ́ ilẹ̀kùn tó ṣí. Ó sún mọ́ máìkì náà débi pé mo gbọ́ bí òun náà ṣe ń mí, èémí aláboyún tó wúwo. Ó dúró díẹ̀.

"Kò sẹ́nìkankan níbẹ̀," ó ní, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, kó tó pa á dé, èémí méjì ni mo gbọ́. Mo fi Ọlọ́run bura fún yín. Méjì.

Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kò kí ẹnikẹ́ni mọ́. Koríko gbígbẹ ló ń tẹ̀, ó ń lọ, ó ń lọ, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́. Ìgbà tí mo bọ́ ẹ̀rọ náà létí, Màmá Tíṣà ti lọ sílé, Wàsíù nìkan ló jókòó tì mí. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi létí, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ògiri gbọ́: àkúdàáyà. Mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Àkúdàáyà wà nínú ìtàn tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwa ọmọdé. Èyí tí mo mọ̀ a máa kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́nu géètì wa, a sì máa gba igbá ẹ̀wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ láti bá a gbé e.

Kò padà wálé. Nígbà tí ó di ọjọ́ mélòó kan, èmi àti Ìyá Fátí wọkọ̀ lọ sí Ọ̀tu, Fátí wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. A kò wá ilé Olókè pẹ́. Ìyá àgbà náà jókòó síwájú ilé, bí ẹni tó ti mọ̀ pé a ń bọ̀. Ó mú wa lọ sẹ́yìnkùlé. Sàréè kan wà níbẹ̀ tí koríko ti hù bò. Ó ní kànga ló ya lu ọmọ òun, kó tó láya rárá. Èèpẹ̀ sàréè náà kò yẹ̀.

Ìyá Fátí kò sunkún. Ó ní kí wọ́n fún òun lómi mu.

Ìyá àgbà náà gbé ojú Fátí sókè, ó wo iwájú orí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ọmọ Olókè, ọmọ afàpáta rọrí. Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó kì í títí dé òpin, èyí tí Màmá Tíṣà kò kì dé.

Ìyá Fátí bí ọkùnrin. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyá àgbà náà wá láti Ọ̀tu pẹ̀lú èrò ọkọ̀ kan, wọ́n dúró níbi tó yẹ kí àwọn ará ọkọ dúró, wọ́n sì kún ojúde. Àwọn ẹ̀gbọ́n Ìyá Fátí dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Ẹnikẹ́ni kò pe ẹnikẹ́ni ní olú mọ́. Ohun tí Ìyá Fátí fẹ́ gan-an ló rí gbà. Mo máa ń ronú sí i, mo sì máa ń retí kí omijé wá. Kì í wá.

A kò rí máìkì náà di òní. Bátìrì rẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ kan lọ, ẹ sì rántí pé ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ mìíràn, iná kékeré tó ní àwọ̀ ewé níwájú ẹ̀rọ mi, èyí tó ń sọ pé máìkì náà ń ṣiṣẹ́, á tàn. Màmá Tíṣà ò kì àlejò mọ́. Wọ́n ní ọ̀fun ń dùn wọ́n.

Ọjọ́ kan ni Ìyá Fátí wọlé, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó ní Wàsíù ti sọ fún òun. Ó na ọwọ́. Mo bọ́ ẹ̀rọ ìgbọ́hùn náà, mo dé e sí i létí. Ó dijú.

"Ó ń mí," ó ní fún mi, jẹ́ẹ́jẹ́.

Ó ti wá ń wá ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ báyìí. Mi ò mọ̀ bóyá oore ni mò ń ṣe fún un àbí ibi. Mo ti rò ó títí, orí mi kò gbé e mọ́.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí. Bí ẹnì kan bá bẹ̀ yín pé kí ẹ má béèrè ilé bàbá òun, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má sọ pé ìtìjú ni. Ẹ má sọ pé ìfẹ́ lẹ fi ń béèrè. Ẹ bu omi fún un, ẹ fún un ní àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ jẹ́ kó máa bá ìyàwó rẹ̀ gbé.

Òní jẹ́ Jímọ̀. Ìyá Fátí kò lè wá, ara ọmọ ń gbóná. Èmi nìkan ló wà nídìí ẹ̀rọ. Iná náà ti tàn láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí.

Mi ò tíì dé ẹ̀rọ ìgbọ́hùn náà sétí.